John Moon àti àwọn ọmọ Freedom House: àwọn tó kọ́ Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí là lójú títì

  

Ó ti mọ́ wa lára pé tí ìwé ìrántí wa bá ń jáde, àwọn tí wọ́n ti dé ipò gíga la máa ń kọ nípa wọn. Ẹni tó di adájọ́, ẹni tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó di kọmíṣánnà. Kò burú rárá, ó yẹ ká bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olóòtú ní kí n kọ ìtàn kan tó lè kọ́ wa lọ́gbọ́n, ọkàn mi kò lọ sọ́dọ̀ ẹni ńlá kankan. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó fi nǹkan bí ọdún 37 ṣe iṣẹ́ gbígbé aláìsàn àti títọ́jú wọn lójú ọ̀nà ló lọ. John Moon lorúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ló ti ṣiṣẹ́ ọ̀hún láti 1972 títí di 2009.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ohun tó kàn wá ni pé àwọn èèyàn tí ìlú wọn kà sí aláìníláárí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi han Amẹ́ríkà bó ṣe yẹ kí wọ́n máa tọ́jú ẹni tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí kó tó dé ọsibítù. Nígbà tí iṣẹ́ náà wá dára tán, tí gbogbo ìlú ń fẹ́ ẹ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bínú kúrò, wọ́n sì lé àwọn mìíràn. Moon wà nínú ìwọ̀nba díẹ̀ tó dúró. Ohun tó fi ìdúró rẹ̀ ṣe ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò.

ÌGBÀ TÍ ỌKỌ̀ ÒKÚ Ń GBÉ ALÁÀYÈ

Tí a bá gbọ́ Amẹ́ríkà lónìí, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni áńbúláǹsì tó ń pariwo bọ̀, tí àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ á bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n á gbé ẹ̀rọ jáde. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ, kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi rí báyẹn. Títí di àárín àwọn ọdún 1960, ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, bí mọ́tò bá gbá èèyàn, àwọn tó ń bá wọn sìnkú ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Kì í ṣe pé wọ́n mọ ìtọ́jú. Ọkọ̀ wọn ló gùn tó kí èèyàn lè sùn gbalaja sínú rẹ̀.

Ìwé ìwádìí kan tí National Academy of Sciences ilẹ̀ náà gbé jáde ní 1966 sọ pé nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ áńbúláǹsì lórílẹ̀-èdè ọ̀hún ló wà lọ́wọ́ àwọn asìnkú tí iye wọn tó 12,000. Ìwé yìí kan náà ní èèyàn 107,000 ni ìjàǹbá pa ní 1965 nìkan. Ó sì fi kún un pé àwọn onímọ̀ tó ti ojú ogun Vietnam dé ń sọ pé bí àwọn bá fara gbọgbẹ́ gan-an, ó sàn kó jẹ́ ojú ogun ni ju ojú títì ìlú àwọn lọ, nítorí pé ìtọ́jú yá kíákíá lójú ogun. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn!

Ní Pittsburgh, àwọn ọlọ́pàá ló ń ṣe é. Ọlọ́pàá méjì á wá, wọ́n á gbé aláìsàn sẹ́yìn ọkọ̀, àwọn méjèèjì á padà síwájú, wọ́n á sì sáré forí lé ọsibítù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ń jókòó ti aláìsàn. Bó bá pọ́n ahọ́n mì, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń dà, bí ọkàn rẹ̀ bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn.

Ní oṣù kọkànlá 1966, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni ńlá. David Lawrence, tó ti jẹ́ méyọ̀ Pittsburgh àti gómìnà Pennsylvania rí, ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n fi gbé òun náà. Àwọn dókítà mú kí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù padà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti pẹ́ jù kó tó dé ọpọlọ rẹ̀. Kò jí mọ́, ó kú lóṣù náà. Bí ẹni tó ti ṣe gómìnà ò bá rí ìtọ́jú lójú ọ̀nà, kí ni mẹ̀kúnnù fẹ́ rí?

ÀDÚGBÒ ORÍ ÒKÈ

Àdúgbò kan wà nínú ìlú yẹn tí wọ́n ń pè ní Hill District. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí August Wilson, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí àwọn tó ka lítíréṣọ̀ láàrin wa á mọ̀, ibẹ̀ náà ló sì fi ṣe ojú ibi tí ọ̀pọ̀ eré rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba wó apá ìsàlẹ̀ àdúgbò náà palẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan, Civic Arena, tí wọ́n ṣí ní 1961. Nǹkan bí 8,000 èèyàn ni kò nílé mọ́ lójú ilé tí wọ́n ti ń gbé. Fún àwọn tó ṣẹ́kù, iṣẹ́ ò wọ́pọ̀, àárín àwọn àti ọlọ́pàá ò sì gún.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Bàbá ẹ ṣubú nínú ilé, ọlọ́pàá tó o máa ń sá fún ní gbogbo ìgbà lo tún máa lọ bẹ̀ pé kó wá gbé e. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní pè é rárá. Ẹlòmíràn á pè é, wọn ò sì ní tètè wá.

Ibi tí ọ̀nà àwọn mẹ́ta ti pàdé nìyí. Ẹni àkọ́kọ́ ni Phil Hallen, ọ̀gá àjọ Maurice Falk Medical Fund tó ń fi owó ṣètìlẹ́yìn fún ètò ìlera. Òun fúnra rẹ̀ ti wa áńbúláǹsì rí, ó sì ń ronú pé bí wọ́n bá kó ọkọ̀ fún àwọn ọmọ Hill, wọ́n á rí iṣẹ́ ṣe, àwọn aládùúgbò wọn náà á sì rí ohun tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹnì kejì ni ẹgbẹ́ Freedom House Enterprises, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú lórí òkè yẹn, tí James McCoy wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá fún àwọn ọmọ àdúgbò.

Ẹnì kẹta ni Dókítà Peter Safar, ọmọ ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì láàrin wa mọ orúkọ yìí dáadáa. Òun ló fi ìwádìí hàn ní àwọn ọdún 1950 pé tí èèyàn ò bá mí mọ́, kí a fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu dára ju àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn àti títẹ àyà ni wọ́n pa pọ̀ di ohun tí wọ́n ń kọ́ni káàkiri ayé. Ní 1966, kó tó di pé Lawrence kú, ọmọbìnrin Safar fúnra rẹ̀, Elizabeth, tó ní àrùn àsìmá, kú lọ́mọdé. Kó tó rí ìtọ́jú tó péye, ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Bàbá tó ń kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tí kò mí mọ́, ọmọ tirẹ̀ ló lọ báyẹn.

Nígbà tí Hallen gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Safar ní òun ò wá awakọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ àwọn èèyàn náà ní iṣẹ́ ìtọ́jú, kí inú ọkọ̀ náà sì rí bí yàrá kékeré kan nínú ọsibítù.

ÀWỌN TÍ WỌ́N NÍ KÒ WÚLÒ

Àwọn wo ni wọ́n wá mú? Àwọn ọ̀dọ́ Hill tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò parí girama. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Vietnam dé, àwọn kan ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ní òpin ọdún 1967 ni ẹ̀kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ wákàtí 300. Ní ayé ìgbà yẹn, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ráńpẹ́ lásán ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun áńbúláǹsì gbà, àwọn mìíràn ò sì gba nǹkan kan. Àwọn ọmọ yìí kọ́ nípa ẹ̀yà ara, wọ́n kọ́ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n wọ yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n wọ mọ́ṣúárì. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń wakọ̀ sáré láìpa ẹlòmíràn.

Àwa tá a gba poli kọjá, ọ̀rọ̀ yìí yé wa. A mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìwé-ẹ̀rí ẹni kí wọ́n tó wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, kí wọ́n sì ti fi èkíní dájọ́ èkejì. Safar ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wò ni bóyá èèyàn lè kọ́ iṣẹ́ náà, kó sì ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 1968 ni wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní Memphis. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, Hill náà gbiná. Láàrin iná yẹn, àwọn ọmọ Freedom House wọ àdúgbò lọ, wọ́n ń gbé àwọn tó fara pa. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba iṣẹ́ gan-an lọ́wọ́ ìlú, láti máa dáhùn ìpè ní Hill àti àwọn àdúgbò tó wà nítòsí.

Ní ọdún kìíní, wọ́n jẹ́ ìpè tó tó 5,800, wọ́n sì gbé aláìsàn tó lé ní 4,600. Ìṣirò Safar ni pé ẹ̀mí bí 200 ni wọ́n gbà là lọ́dún yẹn nìkan. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ní 1972 lórí ìtọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le, wọ́n rí i pé nínú 100, àwọn ọmọ Freedom House ṣe ohun tó tọ́ fún 89. Ti ọlọ́pàá jẹ́ 38. Ti àwọn áńbúláǹsì aláìgbowó kò ju 13 lọ. Àwọn tí wọ́n ní kò wúlò ló gba ipò kìíní, kì í sì í ṣe pé wọ́n fi díẹ̀ ṣíwájú, wọ́n fi àwọn yòókù sẹ́yìn pátápátá.

MOON WỌLÉ

Atlanta, lápá gúúsù Amẹ́ríkà, ni John Moon ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ó gbé nílé àwọn ọmọ tí kò ní alábòójútó níbẹ̀, kó tó di pé àwọn ẹbí rẹ̀ mú un wá sí Pittsburgh. Nígbà tó dàgbà, ó ríṣẹ́ ní ọsibítù Montefiore. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti àwọn aláìsàn láti yàrá kan sí òmíràn, kó máa bá wọn ṣe ìmọ́tótó, kó máa ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì bá ní kó ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé wọn kì í sábà bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè pé kí lo rí sí i.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin méjì wọlé, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n gbé aláìsàn bọ̀. Ohun tó jọ Moon lójú kì í ṣe aṣọ náà. Ó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe aláìsàn, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ti ṣe fún un lọ́nà. Moon ní irú ẹni tí òun fẹ́ dà nìyẹn. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, ó sì wọ Freedom House ní 1972.

Ní 1974, Safar fi ọmọbìnrin kan ṣe dókítà tó ń bójú tó wọn, Nancy Caroline, ọmọ ìlú Boston tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì ju 30 lọ. Òyìnbó ni. Àwọn kan nínú wọn kọ́kọ́ ń wò ó pé kí lèyí tún wá ṣe. Ṣùgbọ́n Caroline ò jókòó sí ọ́fíìsì. Ó ń bá wọn jáde nínú ọkọ̀, ó ń fi rédíò bá wọn sọ̀rọ̀ lóru, tí iṣẹ́ bá sì parí, á ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jọ yẹ ohun tí wọ́n ṣe wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n gbà nígbà yẹn pé dókítà nìkan ló lè ṣe é, ìyẹn kí wọ́n ki rọ́bà gba ẹnu wọ ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn kó lè mí. Bó bá ṣì ọ̀nà, inú ikùn ni atẹ́gùn máa lọ, aláìsàn á sì kú. Àwọn ọmọ Freedom House kọ́ ọ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì gbé e jáde sí ìta gbangba. Moon wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é láìsí ní ọsibítù, lórí ìdúró, pẹ̀lú ariwo àti òkùnkùn àti ẹbí aláìsàn tó ń sunkún létí ẹni.

Lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí Caroline kọ ìwé ẹ̀kọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè á máa lò fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun àti àwọn ọmọ Hill jọ ṣe lójú títì ló kó sínú rẹ̀. Ìwé ńlá tó wá jáde láti ibẹ̀ ní 1979, Emergency Care in the Streets, di ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ń kà láti ìran dé ìran. Nítorí náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá rí i tí áńbúláǹsì dé tí ọmọ inú rẹ̀ sì ti mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, kí wọ́n rántí pé ẹ̀kọ́ ọ̀hún ní ilé tó ti wá.

WỌ́N GBÀ Á LỌ́WỌ́ WỌN

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń dára, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ ń pọ̀. Àwọn olówó ní àwọn àdúgbò òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí ló dé tí àwọn tálákà orí òkè ní áńbúláǹsì tó dára ju tàwọn lọ. Ìbéèrè yẹn ò burú. Ìdáhùn tó tọ́ sí i ni pé kí wọ́n fẹ Freedom House lójú kó kárí ìlú. Ṣùgbọ́n Méyọ̀ Pete Flaherty, tó dé ipò ní 1970, kò fẹ́ràn ètò náà. Owó tó yẹ kí ìlú san ń pẹ́, ó sì ń dín. Ní 1974, ó kéde pé ìlú fúnra rẹ̀ máa dá áńbúláǹsì tirẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ karùndínlógún oṣù kẹwàá 1975 ni Freedom House ṣiṣẹ́ mọ.

Caroline jà pé kí ìlú gba gbogbo àwọn ọmọ náà sínú iṣẹ́ tuntun. Wọ́n gbà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí kó máa lọ. Wọ́n gbé ìdánwò kalẹ̀, àwọn ìbéèrè kan nínú rẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi ti kúrò nìyẹn. Wọ́n tú àwọn tó ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ká, wọ́n fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sáàrin àwọn òyìnbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́.

Yorùbá ní ẹni a bá lábà ni baba. Ní Pittsburgh lọ́dún yẹn, ẹni tí wọ́n bá lábà ni wọ́n sọ di ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó ti ń ki rọ́bà sọ́fun aláìsàn láti ìgbà pípẹ́, báàgì ni wọ́n ní kó máa gbé tẹ̀lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Moon jẹ ìyà yìí dáadáa. Òun ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó pàṣẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, èjì èjì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba kéréje nínú wọn ló kù.

Mi ò dá àwọn tó lọ lẹ́bi. Ó níbi tí ìwọ̀sí dé, ara èèyàn ò gbà á mọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Mitchell Brown, ré kọjá sí ìlú Cleveland, ó sì di ọ̀gá tó ń bójú tó ètò ààbò ìlú níbẹ̀. Lílọ náà kì í ṣe òfò. Ṣùgbọ́n Moon ní tòun, òun ò lọ.

OHUN TÓ FI ÌDÚRÓ RẸ̀ ṢE

Ó rọrùn láti rò pé ẹni tó dúró lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ̀yẹ́ ẹ kàn ń wá owó oṣù ni. A mọ irú àwọn yẹn, wọ́n wà ní ọ́fíìsì gbogbo. Ṣùgbọ́n ohun tí Moon ṣe yàtọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Aláìsàn tó ń kú lọ ò ní bèèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, tí àwọn tó ń pàṣẹ ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló máa ń yanjú ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, wọn ò lè sẹ́ ẹ mọ́. Ó gòkè láti ipò kan sí òmíràn, títí ó fi di igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ áńbúláǹsì ìlú náà.

Èkejì, nígbà tó dé òkè, ó wẹ̀yìn. Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn. Ní òpin àwọn ọdún 1990, nínú 100 òṣìṣẹ́ ibẹ̀, 98 jẹ́ aláwọ̀ funfun. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Hill dá sílẹ̀, ọmọ Hill ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ń rí áńbúláǹsì tó ń kọjá, wọn ò mọ̀ pé àwọn bàbá àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Moon bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri, ó ń wá àwọn ọ̀dọ́. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà, ó ń rọ ìlú pé kí wọ́n ṣe ètò tí àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ á fi lè gba ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Amera Gilchrist. Ó wọṣẹ́, ó dúró, ó ń gòkè. Moon fẹ̀yìn tì ní 2009. Ní 2023, wọ́n fi Gilchrist jẹ ọ̀gá àgbà gbogbo ilé-iṣẹ́ náà, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa dé ibẹ̀. Ipò tí Moon fúnra rẹ̀ ò dé, ẹni tó mú wọlé dé e.

Èyí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí àárín gbùngbùn ìtàn yìí. Ìyìn pọ̀ fún ẹ̀mí tí Moon gbà là, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó bínú lọ ní 1976, ẹlòmíràn lè gba ẹ̀mí wọ̀nyẹn là. Ohun tí ẹlòmíràn ò bá má lè ṣe ni kí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti pa dé, kó sì di í mú títí ẹnì kan á fi rọ́nà wọlé. Ẹni tó mọ bí ilẹ̀kùn ṣe tì ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i.

ÌRÁNTÍ NÁÀ NÍ IṢẸ́ NÍNÚ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtàn Freedom House fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Lára ohun tó jẹ́ kó padà wá sójútáyé ni pé àwọn bíi Moon ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́. Ní 2022, Kevin Hazzard, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ áńbúláǹsì rí, kọ ìwé odindi kan lé e lórí, American Sirens lorúkọ rẹ̀, Moon sì wà láàrin gbùngbùn rẹ̀. Ká ní gbogbo wọn ti lọ, tí wọ́n sì ti dákẹ́, ohun tí ìwé ìlú ì bá máa sọ ni pé ní 1975, ìlú Pittsburgh dá áńbúláǹsì sílẹ̀. Òótọ́ ni lẹ́nu, irọ́ ni nínú.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá iṣẹ́ áńbúláǹsì tirẹ̀, LASAMBUS, sílẹ̀ ní 2001. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sì sọ pé ọsibítù kankan ò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Òfin náà dára, ọkọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí Safar rí ní 1967 ṣì ni òótọ́ ọ̀rọ̀: ọkọ̀ ò gba ẹ̀mí là, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbà á là, bí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa, bí wọ́n bá sì bọ̀wọ̀ fún un.

Mo mọ̀ pé nínú àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì, ẹni tó ń wa áńbúláǹsì wà, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì wà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ panápaná wà. Wọn kì í sábà wá sí àpéjọ wa, nítorí pé ọjọ́ tí àwa ń jẹ, tí à ń mu, ọjọ́ iṣẹ́ tiwọn ni. A kì í sì í rí fọ́tò wọn nínú ìwé yìí. Mo ń fi àsìkò yìí bẹ àwọn olóòtú, mo sì ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa tẹ́ ẹ ṣì rántí orúkọ gbogbo wa, pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ wọn jọ báyìí: ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n rí. Kí ojú-ìwé tiwọn wà nínú ìwé ìrántí tó ń bọ̀, kó tó di pé ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé láti ọjọ́ tí òun dé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.